Àbẹ́là sóyà mi ń ta sánsán nínú ife, àmọ́ tí mo bá tan án, òórùn á sá lọ. Ṣé kí n tà á bẹ́ẹ̀?

Àbẹ́làTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń da àbẹ́là sóyà nínú ilé. Ife gíláàsì tí mo ń lò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, ó ń gba nǹkan bíi mìlílítà 200. Òwú tó bá ìda wá nínú páálí ni mo ń lò. Torí mo fẹ́ kí òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá kan, mi ò ṣahun òróró ìtasánsán sí i rárá, á tó ìdá 12 nínú 100.

Tí ẹ bá ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ dé e padà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ṣáná sí i. Wákàtí 4 ni mo fi tan án lálẹ́ àná. Iná gbẹ́ ihò lọ sísàlẹ̀ láàárín bíi kànga, ìda tí kò yọ́ dúró yí i ká bí ògiri, àfìgbà tí mo gbé imú lé e lórí kí n tó gbọ́ òórùn.

Ẹnìkan sì ti ní kí n ṣe 40 fún òun, ó fẹ́ fi ta àwọn àlejò rẹ̀ lọ́rẹ lóṣù tó ń bọ̀. Ọwọ́ ń yún mi láti gba owó náà. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n ní kó ṣe sùúrù?

ÒwúKìíParọ́

Àbúrò, kú akitiyan o. Kí n tó la ẹnu: ṣé orí òṣùwọ̀n lo ti wọn òróró yẹn ni, àbí ṣíbí lo fi bù ú? Báwo ni ìda ṣe gbóná tó nígbà tí o da òróró sí i? Ọjọ́ mélòó ló fi sinmi kí o tó tan án? Òwú yẹn ńkọ́, ṣé ó ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe tóbi tó?

Má tíì gba owó ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́jàKíákíá

Ẹ̀yin èèyàn yìí náà ẹ̀! Nínú àwọn àlejò yẹn, ìdajì wọn ò ní tan án láéláé. Orí tábìlì ni wọ́n máa gbé e sí kó máa dán. Ṣebí ó ń ta sánsán nínú ife? Ohun tí wọ́n máa gbọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Tà á, kí o fi èrè rẹ̀ ra irinṣẹ́ tó dáa. Bí èmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

ÌyáOlóòórùn

Kíákíá, mo kí ọ o, àmọ́ ìdajì tó kù ńkọ́, àwọn tó máa tan án?

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rí ife ìmumi kan tó rẹwà, mo da 24 sínú irú rẹ̀. Mo jó ọ̀kan fún wákàtí kan péré, mo ní ó ti dáa, mo kó wọn tà. Oníbàárà mi kan ń tan tiẹ̀ títí ó fi kù ṣínńṣín nísàlẹ̀. Iná sún mọ́ ìdí ife, ife sán, ìda gbígbóná ṣàn sórí tábìlì rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó wà nítòsí. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo sanwó tábìlì, mo wá ń wá àwọn tó ra ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Mẹ́rin ò ṣeé wá, torí mi ò kọ orúkọ ẹni tó rà wọ́n sílẹ̀. Mo ṣì máa ń rántí mẹ́rin yẹn lóru.

Wákàtí kan tí mo fi jó o, ẹnu ife nìkan ló fi hàn mí. Ìdí ife ni ọ̀rọ̀ wà.

Àbẹ́làTuntun

Haa, ìyá, ẹ kú ewu.

Ọ̀gá Òwú, ìdáhùn mi rèé, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ṣíbí ni mo fi bù ú. Mi ò ní tẹmọ́mítà, mo kàn rí i pé ìda ti yọ́ tán ni mo bá da òróró lé e. Ọjọ́ kejì ni mo tan án. Òwú ò ní nọ́ńbà kankan.

ÒwúKìíParọ́

Kí ni mo fẹ́ rín? Èmi náà fi ṣíbí bù ú rí.

Jẹ́ kí n ti orí òwú bẹ̀rẹ̀, torí òun ló há òórùn rẹ mọ́lé. Ìtasánsán tó ń kún yàrá, inú adágún ìda tó yọ́ yí òwú ká ló ti ń gbéra. Bí adágún yẹn bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni òórùn ṣe ń ráàyè jáde. Tìrẹ ò fẹ̀ ju ẹnu ìgò lọ. Ìyókù òróró tí o náwó sí wà nínú ògiri ìda tí iná kò dé, ibẹ̀ náà ló sì máa kú sí. Torí náà bí o bá sọ òróró di ìlọ́po méjì, owó lo sọ nù.

Òwú tó bá ife mu á yọ́ ìda dé etí ní nǹkan bíi wákàtí 1 fún sẹ̀ǹtímítà 2.5 tí ife bá fẹ̀. Ife oní-sẹ̀ǹtímítà 7, bíi wákàtí 3 nìyẹn. Kí adágún náà jìn tó mìlímítà 6 sí 12. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, òwú ti tóbi jù: ife á gbóná kọjá ohun tó yẹ, iná á máa jó bí ẹni tó ń bínú, orí òwú á hu olú dúdú, èéfín á sì máa yọ. Àmọ́ ìda sóyà máa ń tan èèyàn jẹ. Nígbà àkọ́kọ́ àti ìkejì tí o bá tan án, ó lè ṣẹ́ díẹ̀ kù sí etí ife. Má sáré lọ gbé òwú ńlá. Bí iná bá ti ń wọlẹ̀ sí i, ooru á ká sínú ife, á sì yọ́ èyí tó kù lára ògiri. Òwú tó dé etí kíákíá lọ́jọ́ kìíní ló sábà máa ń di eléwu nígbà tí ìda bá kù sí ìdajì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá nìyẹn, bí mo ṣe fura sí i.

Ra òwú onínọ́ńbà mẹ́ta: èyí tí ẹni tó ń tà á sọ pé ó bá sẹ̀ǹtímítà 7 mu, èyí tó fi ìpele kan kéré sí i, èyí tó fi ìpele kan jù ú lọ. Da ife mẹ́ta kí ohun gbogbo dọ́gba, kí òwú nìkan yàtọ̀. Bí o bá pààrọ̀ òwú, o pààrọ̀ òróró, o tún pààrọ̀ ife lẹ́ẹ̀kan náà, o ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Gbé ife kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n kí o tó tan án, tún gbé e sí i lẹ́yìn tí o bá pa á. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni iye ìda tí iná jẹ. Jó o fún wákàtí 4, pa á, kó tutù pátápátá, gé òwú sí mìlímítà 6, tún tan án. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé ìdí ife.

Ó kan òróró. Òṣùwọ̀n ni a fi ń wọ̀n ọ́n o, torí òróró kan máa ń wúwo ju òmíràn lọ, ṣíbí ò sì mọ̀yẹn. Gbé ife sórí òṣùwọ̀n, bu omi sí i dé ibi tí o fẹ́ kí ìda dé. Bí omi bá jẹ́ gíráàmù 200, ìda á jẹ́ bíi 180, torí ó fúyẹ́ ju omi. Nínú 180 yẹn, bí o bá fẹ́ òróró ìdá 8 fún 100 ìda, pín 180 sí ọ̀nà 1.08: ìda 167, òróró 13. Nu ife gbẹ kí o tó da ìda sí i o!

Èmi máa ń da òróró sí i ní 85°C, mà á rọra rò ó fún ìṣẹ́jú 2, mà á wá dà á sínú ife ní nǹkan bíi 57°C. Ìda tìrẹ lè fẹ́ ooru mìíràn. Ìwé tó bá a wá lo máa tẹ̀ lé, kì í ṣe èmi. Lẹ́yìn náà, dé e, gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àbẹ́làTuntun

Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀! Ìgbà tó ti dì ńkọ́?

Oníkẹ́mísìrì

Ojú lo fi ń wò ó tó ti dì. Inú rẹ̀ ò tíì fara balẹ̀.

Òróró ẹ̀wà sóyà ni ìda yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi háídírójìn kún un títí ó fi gan. Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí igbá: Michael Richards, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe àbẹ́là látinú rẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń bẹ̀rẹ̀, torí ó ń wá ohun tí kò ní wọ́n tó ìda oyin. Bí ìda sóyà bá tutù, kírísítà inú rẹ̀, ìyẹn àwọn hóró wínníwínní tó gan, ò tíì jókòó sí ipò, wọ́n á ṣì máa to ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àbẹ́là kan náà tí o jó lọ́jọ́ kejì, bí o bá jó èkejì rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 14, ìwọ fúnra rẹ á rí i pé òórùn wọn ò dọ́gba.

Kírísítà yìí kan náà ló ń fa àwọ̀ funfun tó máa ń hù lára rẹ̀ bíi pé wọ́n fi ẹfun pa á. Kò ba iná jẹ́, kò sì ba òórùn jẹ́. Ìwà sóyà ni. Àwọn oníbàárà á béèrè, torí náà múra ìdáhùn sílẹ̀. Bó bá ń dùn ọ́ jù, má fi àwọ̀ kankan sí ìda, funfun lórí funfun ò hàn.

Ìdá 12 tó o lò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìda sóyà ni ẹni tó ṣe é kọ sí i pé 10 lòpin. Èyí tí ìda ò bá lè dì mú á làágùn jáde lórí rẹ̀, òwú á fà á mu, ẹnu òwú á dí, iná á sì rẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òróró àpọ̀jù gan-an wà lára ohun tó pa iná rẹ kú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọ pé o ò gbọ́dọ̀ da òróró sí ìda tó gbóná ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò pé ó lè gbiná, pé òórùn á fò lọ. Ìwọ̀n yẹn ń sọ ìgbà tí èéfín òróró lè gbiná bí iná bá kàn án. Ọ̀rọ̀ ìrìnnà àti ìpamọ́ ni.

OníPákó

Èmi ti fi òwú sílẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ń lò, ó ń ta pàràpàrà bí igi ìdáná, àwọn èèyàn á sì sanwó nítorí ìró yẹn nìkan. Àbúrò, gbìyànjú ẹ̀.

ÒwúKìíParọ́

Pákó dáa, àmọ́ ó máa ń kú mọ́ni lọ́wọ́ bí èèyàn ò bá gé e kúrú gan-an, mìlímítà 3 sí 5. Ẹni tí kò tíì mọ òwú, kó má tíì lọ síbẹ̀. Ẹ má bínú, OníPákó, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.

OníPákó

Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ fún odidi oṣù méjì.

Ọlọ́jàKíákíá

Ó dáa, mo gbà pé kó dúró. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ ní ọjà títà, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà sí lébẹ́ẹ̀lì: "Ojúlówó ìṣẹ̀dá, kò lóró, kò léèéfín." Ohun tó ń ta sóyà nìyẹn. Ìda tí wọ́n ń fà yọ lára epo rọ̀bì ni gbogbo ayé ń sá fún.

Oníkẹ́mísìrì

Ibẹ̀ ni mà á ti bá ọ jà. Ohunkóhun tó bá ń fi òwú jó lè yọ èéfín. Ó máa ń yọ nígbà tí iná bá ń gba epo ju èyí tó lè jó tán: òwú tóbi jù, òwú gùn jù, òróró pọ̀ jù, tàbí atẹ́gùn ń fẹ́ iná sọ́tùn-ún sósì. Sóyà tí òwú rẹ̀ ò bá a mu á yọ èéfín ju ìda epo rọ̀bì tí òwú rẹ̀ bá a mu lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì ń tà lórúkọ ìda sóyà ló ní ìda mìíràn nínú. Bi ẹni tó tà á fún ọ léèrè kí o tó kọ "sóyà nìkan".

Ọ̀rọ̀ òjé inú òwú tí àwọn èèyàn ṣì ń fi dẹ́rù bara wọn, Amẹ́ríkà ti fòfin de irú òwú bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2003. Kọ ohun tí o lè fi hàn: irú ìda, irú òwú, wákàtí tó fi jó nígbà tí o dán an wò. Ìwọ̀nyẹn ò ní kó ọ sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Adákẹ́Kàwé

Mo máa ń kàwé lásán ni níbí, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti iná kún un. Mo gbé ìkòkò ìda lé orí sítóòfù ní tààrà, mo lọ gbé fóònù, nígbà tí mo dé, èéfín ti bo ilé.

ÌyáOlóòórùn

Ọlọ́run yọ ọ́. Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Inú ìkòkò tó jókòó sínú ìkòkò omi gbígbóná ni a ti ń yọ́ ìda, kí tẹmọ́mítà wà nínú ẹ̀, kí ìwọ náà sì wà nídìí ẹ̀. Bó bá gbiná, pa sítóòfù, fi ọmọrí bò ó. Má bu omi sí i rárá, ṣe ni ìda á fò káàkiri pẹ̀lú iná. Má sì da àṣẹ́kù sínú ihò ìfọwọ́, á dì síbẹ̀. Bébà ni kí o fi nu ìkòkò nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ife náà wà nínú ọ̀rọ̀ iná o. Kì í ṣe gbogbo ife tó lè gba omi gbígbóná ló lè gba àbẹ́là. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní ASTM F2179 fún ife gíláàsì tí wọ́n ṣe fún àbẹ́là. Bi ẹni tó ń tà á bóyá ti àbẹ́là ni. Èyí tó bá ti sán tàbí tó ṣẹ́ létí díẹ̀, sọ ọ́ nù.

Àbẹ́làTuntun

Mo ti ra òṣùwọ̀n àti tẹmọ́mítà. Mo ti pe ẹni tó fẹ́ 40 náà, mo ní mi ò ní lè ṣe é lóṣù tó ń bọ̀. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní òun á wá ẹlòmíràn.

Bó bá wá di ìgbà títà ní tòótọ́, kí ló yẹ kó wà lára lébẹ́ẹ̀lì? Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí mo máa tà á?

ÒwúKìíParọ́

O ṣe dáadáa. Ó máa ń dun èèyàn, mo mọ̀.

Lébẹ́ẹ̀lì: má fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, jìnnà sí ohun tó lè gbiná, jìnnà sí ọmọdé àti ẹran ilé. Gé òwú sí mìlímítà 6. Má tan án ju wákàtí 4 lọ lẹ́ẹ̀kan. Dá a dúró bí ìda bá ku sẹ̀ǹtímítà 1 nísàlẹ̀. Iye gíráàmù, orúkọ rẹ, àti nọ́ńbà tó ń sọ ọjọ́ tí o dà á. Nọ́ńbà yẹn ni Ìyá ò ní nígbà tí ife sán. Ẹni tó ń tà ní ilẹ̀ Yúróòpù tàbí Gẹ̀ẹ́sì ní òfin CLP láti tẹ̀ lé, òfin ìkìlọ̀ lára ọjà oníkẹ́míkà: bí òróró bá ní ohun tó lè fa ara yíyún tàbí ìpalára, ó gbọ́dọ̀ hàn lára àbẹ́là. Ní Amẹ́ríkà, ASTM F2058 ló sọ̀rọ̀ lórí ìkìlọ̀ iná. Níbikíbi tí o bá wà, gba ìwé IFRA òróró náà (IFRA ni àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún ohun ìtasánsán) lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí o wo ìsọ̀rí 12, ibẹ̀ ni àbẹ́là wà. Bi iléeṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú bóyá wọ́n á dúró fún ọ bí ọjà rẹ bá ba nǹkan oníbàárà jẹ́.

Ọlọ́jàKíákíá

Owó ti kàn mí báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀ ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣírò ìda, òróró, ife àti òwú, wọ́n á fi nǹkan lé e, ó parí. Páálí ńkọ́? Bébà tí o fi wé e kó má fọ́? Èyí tó fọ́ lọ́nà? Iná tó yọ́ ìda? Gbogbo èyí tí o jó dánwò, ọjà mìíràn ló máa san án padà. Ọwọ́ rẹ náà ní owó oṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lò ń ṣe.

Ronú nípa alágbàtà láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó ní ìsọ̀ á fẹ́ rà á ní bíi ìdajì iye tó máa tà á. Bí ìdajì yẹn ò bá bo ìnáwó rẹ pẹ̀lú èrè díẹ̀, a jẹ́ pé iye tí o dá lé e kéré látilẹ̀. Ohun tó lé mi kúrò nínú ọjà ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kíní nìyẹn: bí wọ́n ṣe ń rà á tó ni mo ṣe ń pàdánù tó.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òórùn mẹ́ta péré. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15, ìgò òróró kún ilé mi bí ilé apòògùn. Nígbà ooru sì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìda sóyà inú ife máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 49°C. Inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń fi ọjà ránṣẹ́.

ÌyáOlóòórùn

Kíákíá, èyí lo ì bá ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀!

Àbẹ́làTuntun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Ife mẹ́ta, òróró ìdá 8, òwú mẹ́ta, ìsinmi ọjọ́ 14. Òwú kékeré rì sínú adágún ara rẹ̀ nígbà kẹta tí mo tan án. Òwú ńlá dé etí ife láàárín wákàtí méjì, inú mi dùn, mo ní òun nìyí. Nígbà tí ìda kù sí ìdajì, ife gbóná débi tí ọwọ́ mi ò lè dì í mú, ẹnu rẹ̀ sì dúdú. Ó jẹ́ bí ọ̀gá Òwú ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Òwú àárín ṣẹ́ díẹ̀ kù létí lọ́jọ́ kìíní. Nígbà ìkẹta, ó ti jẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ féfé. Gíráàmù 18 ló ń jẹ láàárín wákàtí 4. Òórùn rẹ̀ sì dé yàrá kejì, láìfi òróró kún un! Mo lọ dúró síbẹ̀ kí n lè dá ara mi lójú.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn òórùn mi, tó ní fàǹílà nínú, ìda rẹ̀ ń di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Oníkẹ́mísìrì

Kò bàjẹ́. Fanilínì inú òróró náà ló ń pa á láró. Wá ife tí kì í jẹ́ kí a rí inú, tàbí kí o fi àwọ̀ tó dúdú díẹ̀ sí i.

ÒwúKìíParọ́

Kú iṣẹ́, àbúrò. Òwú àárín yẹn, ṣé o ti jó o dé ìdí ife?

Àbẹ́làTuntun

Ó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ó ń jó lọ́wọ́ báyìí, mo jókòó tì í.